Ẹ̀rọ àti Ọ̀pá Inú Ọkọ̀ Àfiṣeré

Ìtàn ìwáṣẹ̀ Ilé-Ifẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀. Orí omi ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà a máa sọ pé omi nìkan ṣoṣo ni ó wà nísàlẹ̀ nígbà ìwáṣẹ̀, kí a tó da erùpẹ̀ lé e lórí, kí àkùkọ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tó tan erùpẹ̀ náà káàkiri, kí ilẹ̀ sì tó fẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rin ìlú náà já lónìí, láti Ẹnuwá títí dé Lágere, kò ní rí ọ̀sà, kò sì ní rí èbúté. Odò Esìnmìrìn, tí ìtàn Mọremí sọ di olókìkí, kì í ṣe odò tí ọkọ̀ ńlá lè gbà kọjá. Ọmọ Ìlàjẹ tàbí ọmọ Ẹ̀pẹ́ lè mọ ọkọ̀ wà kí ó tó mọ ìwé kà. Ní ti ọmọ Ifẹ̀, nínú ìtàn ni ó ti ń gbọ́ ìròyìn ọkọ̀ ojú omi.

Síbẹ̀, jíjìnnà sí òkun kò ní kí ènìyàn má mọ iṣẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ àfiṣeré tí kò gùn ju apá lọ ní ohun gbogbo tí ọkọ̀ ńlá ní: ó ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn, ó ní ìsàlẹ̀ tí ń la omi, ó sì ní ìtọ́kọ̀ tí ń darí rẹ̀. Bí a bá wá fi ẹ̀rọ sí inú rẹ̀, ìṣòro tí ó dojú kọ àwọn tí ń kan ọkọ̀ ńlá láti ìgbà pípẹ́ ni yóò dojú kọ ẹni tí ó kàn án. Omi kò mọ ọkọ̀ ọmọdé yàtọ̀ sí ọkọ̀ àgbà. Ibi tí ó bá ti rí àyè ni yóò gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Káfíńtà kan ní àdúgbò rẹ̀ fún un ní àjẹkù pákó arère. Igi fífúyẹ́ ni arère, ó sì rọrùn láti gbẹ́. Òun ni àwọn oníṣòwò igi ń pè ní obeche, àwọn tí ń kan ọkọ̀ àfiṣeré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá a sì máa rà á fún iṣẹ́ yìí. Nítorí náà, ọmọ Ifẹ̀ kò ní láti ránṣẹ́ sí òkè òkun kí ó tó rí igi. Àwọn ará òkè òkun ni wọ́n ń wá igi tirẹ̀. Ọmọ náà gbẹ́ pákó rẹ̀, ó há inú rẹ̀, ó fá a títí ó fi dán, ó sì kùn ún ní ọ̀dà pupa àti funfun. Nígbà tí ó gbé e sí inú ọpọ́n omi, ó léfòó bí ewé. Inú ọmọ náà dùn. Ó rò pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, pé ó ku kí òun gbé ẹ̀rọ sí i nìkan. Kò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kò ṣòro láti rí. Inú rédíò onítéèpù kan tí ó ti bàjẹ́ ni ó ti yọ ọ́: ẹ̀rọ kékeré tí iná bátìrì ń mú yí. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì tí a tò tẹ̀lé ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ fóólítì 1.5, tó láti mú un yí kíkankíkan. Ó gé páànù lára agolo mílíìkì, ó sì yí etí rẹ̀ méjèèjì díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dàbí abẹ̀bẹ̀ fáànù. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ kan, tí ìnípọn rẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 2, ni ó fi ṣe ọ̀pá. Ẹ̀rọ yóò wà nínú ọkọ̀ níbi gbígbẹ. Abẹ̀bẹ̀ yóò wà lẹ́yìn ọkọ̀ nínú omi. Ọ̀pá ni yóò so àwọn méjèèjì pọ̀. Bí ẹ̀rọ bá yí, ọ̀pá yóò yí. Bí ọ̀pá bá yí, abẹ̀bẹ̀ yóò máa ti omi sẹ́yìn, omi yóò sì máa ti ọkọ̀ síwájú. Ẹ̀rọ tí kò ní ọ̀pá dàbí ọba tí kò ní ìránṣẹ́: àṣẹ wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ náà kò lè jáde láàfin.

Ṣùgbọ́n ibo ni ọ̀pá náà yóò gbà jáde? Kò sí ọ̀nà mìíràn ju pé kí a dá ọkọ̀ lu. Ó yẹ kí ènìyàn dúró kí ó ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ohun tí a fi ń mọ ọkọ̀ rere ni pé kò jò. Gbogbo fífá tí a fá a, gbogbo gọ́ọ̀mù tí a fi lẹ̀ ẹ́, gbogbo ọ̀dà tí a fi kùn ún, nítorí kí omi má baà rí ọ̀nà wọlé ni. Wàyí o, ẹni tí ó kàn án fúnra rẹ̀ ni yóò mú irin gbígbóná, tí yóò sì dá a lu ní ìsàlẹ̀, níbi tí omi wà! Àwọn awakọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ àti ní ilẹ̀ Ìlàjẹ a máa yẹra fún ìṣòro yìí: ẹ̀yìn ọkọ̀ lóde ni wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́, ọ̀pá rẹ̀ a sì sọ̀kalẹ̀ sínú omi láìkan ara ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá tí ń la òkun kọjá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì wọn wà, ọ̀pá wọn sì gba ara ọkọ̀ jáde. Ihò tí agbára ń gbà jáde náà ni omi ń wá láti gbà wọlé.

Ọ̀rọ̀ ihò kì í ṣe àjèjì ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1938, nígbà tí àwọn ènìyàn ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ nítòsí ààfin Ọọ̀ni, wọ́n hú àwọn orí idẹ tí òkìkí wọn ti kàn káàkiri ayé. Ìda ni a fi ń mọ irú orí bẹ́ẹ̀. A ó fi amọ̀ bò ó, a ó sì fi ihò sílẹ̀ lára amọ̀ náà. Bí iná bá yọ́ ìda, yóò gba ihò jáde. Idẹ yíyọ́ yóò sì gba ihò wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Bí ihò náà kò bá sí níbi tí ó yẹ, orí náà yóò ní àbùkù. Ẹni tí ó bá rí àwọn orí wọ̀nyí lónìí a máa yin ojú wọn, a sì máa yin ètè wọn. Ta ni ó ń yin ihò?

Ọmọ náà kò ro ọ̀rọ̀ ihò rárá. Ó fi ojú díwọ̀n ibi tí ó rò pé ó dára, ó fi irin gbígbóná lu ú, ó ti sípóòkù bọ̀ ọ́, ó sì de ẹ̀rọ mọ́ inú ọkọ̀ pẹ̀lú rọ́bà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan péré ni ó fi ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí pé ó ti ṣèlérí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọn yóò rí ọkọ̀ òun lójú omi kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n pé jọ yí ọpọ́n ká. Ó so wáyà bátìrì pọ̀. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ó ń dún gooro, gooro. Abẹ̀bẹ̀ yí fún ìgbà díẹ̀, ó dúró, ó tún yí. Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn ọkọ̀ fi ń rì. Omi ti kún inú rẹ̀ dé ìdajì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì túká. Ó gbà pé ẹ̀rọ náà ni kò lágbára tó. Nítorí náà, ní ọjọ́ kejì, ó gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, láti béèrè bóyá ó ní ẹ̀rọ tí ó tóbi ju èyí lọ.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ọkọ̀ yìí. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò lágbára.”

Bàbá náà gbé ọkọ̀ sókè, ó di ojú kan, ó sì fi ojú kejì wo ọ̀pá náà láti ẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń wo àgbá kẹ̀kẹ́. Ó ní, “Ta ni ó sọ fún ọ pé kò lágbára? Agbára ń bẹ níbẹ̀. Ìjà ni ó ń fi jà, kò fi ṣiṣẹ́. Wo ẹnu ẹ̀rọ rẹ, ọ̀tún ni ó kọjú sí. Wo ọ̀pá rẹ, òsì ni ó kọjú sí. Àwọn méjèèjì ń fa ara wọn lọ́rùn ni.”

Ọmọ náà ní, “Ṣùgbọ́n Bàbá, ìyàtọ̀ náà kò ju ìbú èékánná lọ.”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, bí àgbá kẹ̀kẹ́ bá wọ́ ní ìwọ̀n ìbú èékánná, ṣé wàá gùn ún dé Ìpetumodù?”

“Rárá, Bàbá.”

“Ó dára. Tú gbogbo rẹ̀ kúrò.”

Bàyìí ni ọmọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lákọ̀tun. Ó na okùn tín-ín-rín láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sí abẹ́ okùn náà, kí ó lè mọ àárín gbùngbùn ọkọ̀. Ó dí ihò àkọ́kọ́ pa, ó sì lu òmíràn sórí ìlà náà. Kò tún ti ọ̀pá bọ ihò lásán mọ́. Ó gé páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ lára àǹtẹ́nà rédíò àtijọ́, ó fi í sínú ihò, ó sì fi gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí omi wọlé lẹ̀ ẹ́ yíká. Inú páìpù yìí ni ọ̀pá yóò ti máa yí. Ó jẹ́ kí páìpù náà dagun díẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ tí ó wà lóde wà lábẹ́ omi, kí ẹnu rẹ̀ tí ó wà nínú ọkọ̀ sì ga ju ibi tí omi òde dé lọ. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí pé omi kì í gun òkè fúnra rẹ̀: bí ó bá wọ inú páìpù, ibi tí omi òde ga dé ni yóò dúró sí. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó dagun jù, torí pé ọ̀pá tí ó bá dagun jù yóò máa fi agbára gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè dípò kí ó ti ọkọ̀ síwájú. Lẹ́yìn náà, ó fi gírísì kún inú páìpù. Iṣẹ́ méjì ni gírísì ń ṣe níbẹ̀: ó ń mú kí ọ̀pá yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì ń dí ọ̀nà mọ́ omi.

Ó wá ku ẹ̀rọ. Bàbá náà kọ́ ọ pé ẹ̀rọ ni ó ń wá bá ọ̀pá, pé a kì í tẹ ọ̀pá kí ó lè bá ẹ̀rọ. Ọmọ náà fi páìpù kékeré kan tí ó le, tí ó sì tọ́, so ẹnu ẹ̀rọ àti orí ọ̀pá pọ̀, títí àwọn méjèèjì fi dàbí ọ̀pá kan ṣoṣo. Nígbà náà ni ó tó gbẹ́ ìjókòó onípákó sí abẹ́ ẹ̀rọ, tí ó ń fá a díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀rọ fi jókòó láìfì sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ó lẹ̀ ẹ́, ó sì jẹ́ kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn èyí ni ó yọ páìpù líle náà, tí ó fi rọ́bà fáàfù kẹ̀kẹ́ rọ́pò rẹ̀. Rọ́bà lè tẹ̀, ó sì ń gba ìjayà díẹ̀ mọ́ra; ṣùgbọ́n kì í ṣe àwáwí fún wíwọ́. A kì í fi í bo àìtọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn tí ohun gbogbo bá ti tọ́ ni a ń lò ó. Nígbà tí ọmọ náà fi ìka kan ṣoṣo yí abẹ̀bẹ̀, ó yí, ẹ̀rọ sì bá a yí, láìsí ìró.

Kò pe ẹnikẹ́ni wá wòran. Ó kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà sínú ọpọ́n láìfi bátìrì sí i, ó sì fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀. Ilẹ̀ mọ́, inú ọkọ̀ gbẹ. Ó to bátìrì sí àárín ọkọ̀ nísàlẹ̀, kí ìwúwo wọn má baà tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí ó so wáyà pọ̀, ọkọ̀ náà fi ẹ̀yìn rìn! Kò bínú, ó kàn pààrọ̀ ẹsẹ̀ wáyà méjèèjì, ẹ̀rọ sì yí padà. Ọkọ̀ náà la omi lọ síwájú ní tààrà. Ẹ̀rọ àná kan náà ni, bátìrì àná kan náà sì ni. Ohun tí ó yàtọ̀ kò hàn sí ẹni tí ó dúró lóde.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré ọmọdé lásán ni èyí, nítorí pé ọkọ̀ àfiṣeré wà lára ohun tí ó fún ọkọ̀ ńlá ní abẹ̀bẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọkọ̀ tí ooru omi gbígbóná ń mú rìn ní kẹ̀kẹ́ ńlá ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a kan pákó mọ́ láti máa fi gbá omi. Ní ọdún 1835, àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Francis Pettit Smith, tí ó ti fẹ́ràn ọkọ̀ àfiṣeré láti kékeré, kan ọ̀kan tí irin kíká bí ti aago ń mú abẹ̀bẹ̀ onígi rẹ̀ yí, ó sì dán an wò nínú adágún omi ní oko rẹ̀ ní Hendon. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1836, ó gba ìwé àṣẹ fún un. Òun nìkan kọ́ ni ó ń ro ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún yẹn kan náà ni John Ericsson, ọmọ ilẹ̀ Súwídìn, gba ìwé àṣẹ fún abẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Smith kan ọkọ̀ tí ó tó tọ́ọ̀nù 6, ó sì ń dán an wò. Ní ọdún 1837, abẹ̀bẹ̀ onígi tí ó gùn náà kọ lu nǹkan, ìdajì rẹ̀ sì kán. Dípò kí ọkọ̀ náà dúró, ṣe ni ó sáré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Láti ibẹ̀ ni Smith ti mọ̀ pé abẹ̀bẹ̀ kúkúrú sàn ju gígùn lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1845, wọ́n so ọkọ̀ ogun méjì, tí agbára ẹ̀rọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ní ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn kí wọ́n fa ara wọn. Rattler, tí ó ní abẹ̀bẹ̀, wọ́ Alecto, tí ó ní kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́, lọ sẹ́yìn ní ìwọ̀n tí ó ju máìlì 2 lọ ní wákàtí kan.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ihò kò tíì tán. Bí ọkọ̀ ti ń tóbi sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá irin wọn ń wúwo sí i, tí ó ń fi ara ha ìjókòó onídẹ rẹ̀ ní ìdí ihò náà, tí ó ń jẹ ẹ́ tán, tí ìṣísẹ̀ ọ̀pá sì ń di gbígbọ̀n, tí omi ń wọlé. Ní ọdún 1854 ni John Penn, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ fún àtúnṣe kan tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: igi ni ó fi tẹ́ ìjókòó náà. Igi lignum vitae ni, tí ń hù ní àwọn erékùṣù Karíbíà, tí ó le tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń rì sínú omi. Wọ́n jẹ́ kí omi òkun máa gba àárín igi náà kọjá, omi náà sì ń mú kí ọ̀pá yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Omi tí ó jẹ́ ọ̀tá ọ̀pá ni wọ́n sọ di òróró rẹ̀.

Ọdún 1854 yìí náà ni ọ̀rọ̀ abẹ̀bẹ̀ àti ọ̀pá kan Yorùbá. Ní ọdún 1841, Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, ti bá ọkọ̀ mẹ́ta gun Odò Ọya. Kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni àwọn ọkọ̀ náà ní, ibà sì pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tí ó wà nínú wọn. Nígbà tí ó tún lọ ní ọdún 1854, inú ọkọ̀ Pleiad ni ó wà, èyí tí wọ́n kàn ní Birkenhead, tí ó ní abẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn. Dókítà Baikie ni olórí ìrìn-àjò náà. Ó mú kí àwọn òyìnbó máa lo kíníìnì déédéé, wọ́n gun Odò Bẹ́núè, wọ́n lo ọjọ́ 118 lórí odò, kò sì sí òyìnbó kan tí ibà pa. Crowther kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀, wọ́n sì tẹ ìwé náà jáde ní ọdún 1855.

Orúkọ Crowther wà nínú ìwé títí di òní, orúkọ Baikie náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ tí Crowther fi ń kọ̀wé nínú ọkọ̀ náà, ọ̀pá irin kan ń yí nínú òkùnkùn ní ìsàlẹ̀, nínú ihò kan tí ẹnì kan ti wọ̀n dáadáa kí ó tó lu ú. A kò mọ orúkọ ẹni tí ó wọ̀n ọ́n. Ohun tí a mọ̀ ni pé ọkọ̀ náà lọ, ó sì bọ̀. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí sọ́kàn nígbà tí iṣẹ́ yín bá ń gbọ̀n tí ó sì ń dún gooro: ẹ má tètè wá ẹ̀rọ tí ó tóbi jù, ẹ kọ́kọ́ di ojú kan, kí ẹ sì wo ọ̀pá.